Àwọn Tó Ń Tún Fíìmù Ṣe Lẹ́yìn Tí Olùdarí Ti Parí Iṣẹ́

Nínú fíìmù Star Wars tó jáde ní ọdún 1977, àwọn ọ̀tá ń lé ọkọ̀ ojú ọ̀run tó ń jẹ́ Millennium Falcon, Luke Skywalker àti Han Solo sì sáré lọ sídìí ìbọn. Àkàbà kan ló wà níbẹ̀: ọ̀kan gùn ún lọ sókè, èkejì bá a sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì wá jókòó sórí àga, wọ́n kọjú síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn. Ẹni tó bá wo ìran yìí lẹ́ẹ̀kan lè má fura sí nǹkan kan. Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìbọn òkè wà láàárín orùlé ọkọ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sókè. Ìbọn ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀, fèrèsé tirẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló yẹ kí ẹni tó wà lókè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó máa wòkè, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì dojú bolẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n jókòó dáadáa? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ fíìmù náà fara mọ́ ni pé ọkọ̀ tó lè ṣẹ̀dá òòfà ilẹ̀ tirẹ̀ lójú ọ̀run kò ní dandan kó máa fa èèyàn sí apá kan náà ní gbogbo yàrá. Nínú ihò ìbọn, òòfà ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó jẹ́ òkè fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti di iwájú fún ẹni tó jókòó sídìí ìbọn. Ìran náà bára mu báyìí, kò sì sí ohun kan tí wọ́n yí padà nínú rẹ̀.

Irú ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín wo àwọn tó ń wá a. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni, pé ẹni tó bá wo fíìmù tán, kó dìde kó máa lọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó ń tún àléébù fíìmù ṣe, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ní òfin: ohun tí ojú ti rí nínú fíìmù, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé kò ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ ni ká wá. Àtúnṣe tó bá pa òfin yìí mọ́ máa ń bù kún fíìmù. Èyí tó bá rú u máa ń dín fíìmù kù, ìbáà jẹ́ olùdarí fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ ká mọ ibi tí àṣìṣe ń gbà wọlé. Yàrá tí a ń rí nínú fíìmù kì í sábà jẹ́ yàrá ní tòótọ́. Àwọn káfíńtà ló fi pákó kàn án, wọ́n á yọ ògiri kan tàbí àjà rẹ̀ kí kámẹ́rà lè ráyè wọlé. Wọn kì í ya ìran gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra. Wọ́n lè ya òpin lónìí kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà tó ń ṣọ́ ọ kí aṣọ, irun àti ife ọwọ́ òṣèré má yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì, ṣùgbọ́n wọn kì í san owó fún ẹnikẹ́ni láti wọn ilé inú bóyá ó lè wọ ọkọ̀ tí a rí níta. Ti Star Wars tilẹ̀ tún le sí i. Van Nuys ní California ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ya ìran ojú ọ̀run, nígbà tí John Barry àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kan yàrá àti ọ̀nà inú ọkọ̀ ní Elstree, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1976. Òkun àti odindi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà láàárín wọn. Yàtọ̀ síyẹn, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Han Solo kì í ṣe èyí tí a mọ̀ yìí. Gígùn ni tàkọ́kọ́, ó sì jọ ọkọ̀ Eagle inú eré tẹlifíṣọ̀n Space: 1999 jù, ni George Lucas, olùdarí fíìmù náà, bá ní kí wọ́n wá òmíràn. Joe Johnston ló ya èyí tó rí pẹrẹsẹ yìí. Ọkọ̀ gígùn ọjọ́sí ni wọ́n wá sọ di ọkọ̀ tí Princess Leia wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Yàrá awakọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ Millennium Falcon. Yàrá tí ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n rò ó fún, báwo ni yóò ṣe wọ ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ rẹ́gí?

Kò wọ̀ ọ́ rẹ́gí lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù kejì, The Empire Strikes Back, wọ́n kan odindi ọkọ̀ náà ní Pembroke Dock ní ilẹ̀ Wales ní ọdún 1979. Àwọn tó to yàrá inú rẹ̀ pọ̀ sórí bébà rí i pé yàrá ìjókòó, ọ̀nà tó yí ká àti ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ ti pọ̀ jù fún òde tí ojú ń rí. Kódà ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń dúró lórí ilẹ̀ yí padà: mẹ́ta ni lọ́dún 1977, ó di márùn-ún nínú fíìmù kejì. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí kò torí ìyẹn sọ pé irọ́ ni ọkọ̀ náà. Wọ́n mú pẹ́ńsù àti rúlà. Wọ́n ya pláànì lórí pláànì, wọ́n fẹ òde díẹ̀, wọ́n tẹ àjà wálẹ̀ níbi kan, wọ́n gba inú ihò tó ṣófo mìíràn. Ní ti ẹsẹ̀ méjì tó lé, ìdáhùn wà nínú ìwà Han Solo fúnra rẹ̀: ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà gbogbo ni, ó sì lè fi ẹsẹ̀ kún un láàárín fíìmù méjèèjì. Ìwọ̀n tí àwọn ìwé àtijọ́ máa ń kọ fún gígùn ọkọ̀ náà jẹ́ mítà 26.7, ṣùgbọ́n lónìí, àwọn tó ni fíìmù fúnra wọn ti ń kọ iye tó lé ní mítà 34.

Ẹni tí mo kà sí àgbà nínú iṣẹ́ yìí ni Franz Joseph Schnaubelt, ẹnjiníà kan ní San Diego tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ràn eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek, ìyẹn ló sì mú bàbá wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó ti eré náà bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, ó ya pláànì ọkọ̀ Enterprise láti òkè dé ìsàlẹ̀ sórí bébà ńlá 12, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1975. Ìṣòro tó bá pàdé nínú yàrá ìdarí ọkọ̀ dára fún àpẹẹrẹ. Lóde ọkọ̀, ojú ihò ẹ̀rọ agbéniròkè yọ jáde ní ẹ̀yìn yàrá náà, láàárín gangan. Nínú yàrá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ yẹn kò sí láàárín. Ẹ̀yìn ọ̀gágun ló wà, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Oníwà-wàdùwàdù á ti pa ọ̀kan rẹ́ nínú méjèèjì. Franz Joseph kò pa ìkankan rẹ́. Ó yí odindi yàrá náà ní díígírì 36, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò kọjú sí iwájú gan-an bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ ò gbà fún un títí dòní. Wọ́n ní ta ni yóò kọ́ ọkọ̀ kí awakọ̀ rẹ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́? Àwọn wọ̀nyẹn wá ìdáhùn tiwọn, pé ohun tó yọ lẹ́yìn yàrá náà lè jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mo fẹ́ ká rí ni pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì gbà pé òótọ́ ni inú, òótọ́ ni òde. Nígbà tí fíìmù Star Trek àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1979, àwọn ohùn tó ń wọlé lórí rédíò nínú rẹ̀ dárúkọ ọkọ̀ tó wá láti inú ìwé tí ẹnjiníà yìí ṣe.

Ẹnìkan lè sọ pé: fíìmù ni, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Àtakò yẹn lágbára fún irú fíìmù mìíràn ju ti àròsọ sáyẹ́ǹsì lọ. Bí fíìmù kan bá ṣi Ìbàdàn yà, bó gbé Mápó sí ibi tí kò sí, Ìbàdàn ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè wọkọ̀ lọ wò ó. Ayé tó wà nínú Star Wars kò sí níbòmíràn. Ohun tí fíìmù fi hàn wá nìkan ni ẹ̀rí tí a ní pé ó wà rárá, nítorí náà, bí ẹ̀rí méjì bá tako ara wọn, ayé náà fúnra rẹ̀ ló ń mì. Àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí ló kọ́kọ́ ní ká gba ọkọ̀ wọn gbọ́: wọ́n fún un ní orúkọ, ìtàn àti àléébù. Ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ débi tó fi wọn yàrá rẹ̀, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni. Mo gbà pé ibi kan wà tí agbára àwọn olólùfẹ́ yìí kì í ká. Nínú Star Trek V, tó jáde lọ́dún 1989, Spock gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò gòkè nínú ihò ẹ̀rọ agbéniròkè, nọ́ńbà àjà tí a rí lára ògiri sì lọ dé 78 nínú ọkọ̀ tí àjà rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn, àwọn nọ́ńbà kan sì ń padà wá. Èmi kò tíì gbọ́ àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onífíìmù fúnra wọn kò ka àwọn olólùfẹ́ yìí sí aláìníṣẹ́ mọ́. Lọ́dún 1977, Han Solo fọ́nnu pé ọkọ̀ òun fi parsec tí kò tó 12 parí ìrìn àjò Kessel. Parsec kì í ṣe àkókò, ìwọ̀n jíjìnnà ni. Ọ̀kan ṣoṣo lé ní kìlómítà tírílíọ̀nù 30. Ohun tó dà bí ìfọ́nnu òpè ni àwọn òǹkàwé àti òǹkọ̀wé sọ di ọgbọ́n: ọ̀nà Kessel yí àwọn ihò dúdú ojú ọ̀run ká, ẹni tó bá láyà tó láti sún mọ́ wọn lè gé ọ̀nà kúrú. Fíìmù Solo ti ọdún 2018 fi ojú ìran hàn wá pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Rogue One ti ọdún 2016 dáhùn ìbéèrè mìíràn tó ti pẹ́, pé kí ló dé tí ohun ìjà tó tó òṣùpá fi ní ihò kékeré tó lè pa á: ẹni tó kọ́ ọ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àìlera náà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ ṣe The Force Awakens, méjì lára ọmọ ẹgbẹ́ R2-D2 Builders Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ róbọ́ọ̀tì inú fíìmù náà nílé, ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti kọ́ ọ fún fíìmù gan-an. Nínú fíìmù yẹn, John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, jókòó sídìí ìbọn ìsàlẹ̀ Millennium Falcon. Ìbọn náà há, kò lè yí mọ́, Rey tó ń wa ọkọ̀ bá fi odindi ọkọ̀ dojú dé kí ìbọn lè kọjú sí ọ̀tá. Ẹni tó ronú ìran yẹn mọ ibi tí ìbọn wà lára ọkọ̀ náà dáadáa.

Àtakò tó le jù lọ kù. Bí àṣìṣe bá ti bímọ ńkọ́? Nínú Blade Runner ti Ridley Scott, tó jáde ní 1982, ọ̀gá ọlọ́pàá sọ fún Deckard pé àwọn ènìyàn àtọwọ́dá mẹ́fà ló sá wá sáyé, ọ̀kan sì ti kú. Mẹ́rin péré ni Deckard ń wá kiri. Ìkarùn-ún dà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin àtọwọ́dá kan tó ń jẹ́ Mary wà nínú ìtàn, owó kò tó, wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì sẹ́ni tó rántí tún ìṣirò náà ṣe. Ṣùgbọ́n fún ọdún 25, àwọn òǹwòran fi àlàfo yẹn ṣe ọ̀rọ̀ ńlá: bóyá Deckard fúnra rẹ̀ ni ìkarùn-ún tí kò mọ ara rẹ̀. K. W. Jeter kọ odindi ìwé lé ẹni tó sọnù yìí lórí lọ́dún 1995. Nígbà tí Final Cut jáde ní 2007, wọ́n yí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá sí pé méjì ló ti kú. Wọ́n tún fi ojú Joanna Cassidy bo ojú obìnrin tó fò gba inú gíláàsì dípò rẹ̀, nítorí irun àtọwọ́dá orí obìnrin yẹn hàn gbangba. Nínú ìran mìíràn tí ẹnu Harrison Ford, tó ṣe Deckard, kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, Ben ọmọ rẹ̀ ló yá a lẹ́nu. Ti irun àti ti ẹnu, mo fara mọ́ wọn. Kò sí ìtumọ̀ kankan tó ti inú wọn jáde rí. Ti ìṣirò ni n kò fara mọ́. Ó tọ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìbéèrè tó dára ju ìdáhùn lọ.

Wọn yóò ní: ṣé kì í ṣe ẹni tó ni fíìmù ló ni àṣẹ? Ẹ wo Lucas. Nínú Star Wars àkọ́kọ́, ọmọ ogun kan forí gbá ilẹ̀kùn nígbà tó ń wọlé. Lọ́dún 2004, wọ́n fi ìró kún un kí gbogbo ayé lè gbọ́ ọ, ṣáájú ìyẹn, ní fíìmù ọdún 2002, Jango Fett náà ti forí gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, olówó rẹ̀ ló pa á mọ́. Ọkùnrin kan náà ló gbé Special Edition jáde ní 1997, níbi tí Greedo tó wá mú Han Solo ti kọ́kọ́ yìnbọn lù ú, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ti rí i fún ogún ọdún pé Han nìkan ló yìnbọn. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìsẹ́ ohun tí ojú rí ni. Àwọn tó dìde gbèjà fíìmù àtijọ́, títí kan ọmọ ilẹ̀ Czech tí wọ́n mọ̀ sí Harmy, tó tún ẹ̀dà 1977 tò padà ní Despecialized Edition, irú àwọn kan náà ni wọ́n, àwọn tó ń fi rúlà wọn ọkọ̀ nítorí ìfẹ́.

Nígbà tí Warner gbé Final Cut ti Blade Runner jáde ní 2007, wọ́n kó ẹ̀dà márààrún pọ̀ sínú àpótí kan, ti 1982 pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ ti Star Wars tí wọ́n tà ní 2006 kò ní àwòrán tó dára, wọ́n kàn fi ṣe èènì ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, British Film Institute gbé ẹ̀dà 1977 síwájú òǹwòran ní London, àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn nìkan ló rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ni Star Wars, ẹ ṣe bí Warner ti ṣe: ẹ tẹ ti 1977 jáde ní àwòrán tó mọ́, kí ó wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1997, kí oníkálukú ra èyí tó bá wù ú.