Bí Wọ́n Bá Ta Cartel ní Agbowó

Kò sí ọpọ́n nínú eré tí wọ́n ń pè ní Cartel. Ènìyàn bíi mẹ́rin á jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ìwé, bírò àti dáìsì méjì. Ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn yòókù á gbé àwọ̀ wọ̀: ẹni tó ń se oògùn olóró, ọmọ tó ń ṣọ́ títì, ìyàwó ọ̀gá, ọlọ́pàá tó ti gba rìbá. Mark Diaz Truman ló kọ ọ́, Magpie Games ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, ìlú Durango ní Mẹ́síkò sì ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Irú eré báyìí ti wà láti 1974, nígbà tí Dungeons & Dragons dé, ṣùgbọ́n wọn kì í pa dírágónì níbí.

Bí o bá fẹ́ ṣe ohun tó léwu, o máa ju dáìsì méjèèjì, o sì máa fi agbára rẹ kún un. Bó bá di 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o rí i ṣe. Bó bá jẹ́ 6 wálẹ̀, ọwọ́ pálábá rẹ ségi. Láàrin 7 sí 9 ni ọgbọ́n eré náà wà: o rí ohun tí o ń wá, àmọ́ o san nǹkan lé e. Ọjà kọjá, àbúrò rẹ sì ti mọ̀. Èmi gbà pé inú irú gbèsè yìí ni òwò oògùn olóró ń gbé, ju inú ìbọn tí fíìmù fẹ́ràn lọ.

Ìtàn tiwa ní Nàìjíríà náà wà nínú òwò yìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape ní Èkó nítorí oògùn olóró, lábẹ́ òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 20 ti 1984. Nígbà tí Owoh ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tíì la ikú lọ. Bí adarí eré bá yí òfin padà lẹ́yìn tí dáìsì ti balẹ̀, ariwo á ta. Ìjọba ológun ṣe é, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Ní 2022, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, kó kokéènì tó lé ní 1,800 kìlógíráàmù nínú ilé kan ní Ìkòròdú. Bí a bá ta Cartel ní Agbowó, n'Ìbàdàn, ọjà ibẹ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀: igbó, tramadol, omi ikọ́ oní-kodíìn ni. Ẹni tó ń se oògùn á di oníkẹ́mísìtì kan ní Challenge, tí kodíìn ṣì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ìjọba fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún 2018. Ó ju dáìsì, 8 jáde. Ọjà tà tán, ọmọ pásítọ̀ rẹ̀ ló sì rà á. Adarí eré á wá yíjú sí ẹni tó ń ṣe ìyàwó oníkẹ́mísìtì: "Ìwọ ńkọ́, màmá, kí lo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"