Ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun: Ìdí tí ìwòsàn fòníkú-fọ̀ladìde fi ṣì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ìdílé

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò ní ìwòsàn, pé kí ọmọ ṣáà máa lo oògùn, kó máa mu omi dáadáa, kó sì sá fún òtútù. Ìwòsàn wà. Bí ọwọ́ yóò ṣe tó o ni wàhálà, pàápàá ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń bí nǹkan bíi 150,000 ọmọ tó ní àìsàn yìí lọ́dọọdún.

Mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ SS ló ń ṣe, kò sí iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà séèyàn lára tí SS kò ní tún máa jáde. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi máa ń fi oògùn líle pa ti àtijọ́ rẹ́ kí wọ́n tó fi ti ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í la aláìsàn lára o. Ojú iṣan ló ti ń gbà á, bí ẹni ń gba ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó fẹ́ fi tọrẹ, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á ní eegun ìbàdí, tàbí kí ẹ̀rọ ṣà á jáde nínú ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ AS lè fi tọrẹ. SS ni kò lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n jẹ́nótáìpù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Àmì kan wà lára tí wọ́n ń pè ní HLA, tí ọmọ ń jogún ìdajì rẹ̀ lára bàbá, ìdajì lára ìyá. Tọmọ ìyá tọmọ bàbá ló sábà máa ń bára mu, síbẹ̀ ẹnì kan nínú mẹ́rin péré ni. Ọmọ ọbàkan ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n.

Tí kò bá sí nílé, à á wá a síta. Lórí ìwé orúkọ àwọn olùtọrẹ NMDP ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ funfun 79 nínú 100 ló lè rí ẹni tó bá a mu. Aláwọ̀ dúdú, 29. HLA àwa ọmọ Áfíríkà pọ̀ ní oríṣiríṣi, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ nínú wa kò pọ̀. Ohun tójú agbẹjọ́rò Seun Adebiyi rí nìyẹn nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n padà fi wò ó. Lọ́dún 2012, ó bá wọn dá ìwé orúkọ olùtọrẹ sílẹ̀ ní Enugu.

Ohun tó tún ń fúnni nírètí ni pé bàbá tàbí ìyá tó bá ọmọ mu ní ìdajì ti lè fi tọrẹ báyìí, nítorí oògùn jẹjẹrẹ àtijọ́ kan, cyclophosphamide, tí kò wọ́n rárá.

Ilé ìwòsàn ló kù. Ní UBTH, Benin, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà lọ́dún 2011. Lọ́dún 2025, LUTH àti Sickle Cell Foundation Nigeria kéde pé àwọn ti ṣe é fún àgbàlagbà méjì l'Ékòó. Ó ń fẹ́ yàrá àdáwà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀jẹ̀ tó dájú, àti iná tí kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe rí nílẹ̀ yìí. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí olùkọ́ lè rí tù jọ nínú owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ṣì ń gbé e lọ sí Íńdíà.

Ewu náà wà ńbẹ̀: ohun tí wọ́n fi tọrẹ lè máa bá ara aláìsàn jà, oògùn líle yẹn sì lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ẹbí ti bi dókítà nípa èyí.

Ohun kan wà tí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra kì í sábà mọ̀. Ẹni tó gba mùdùnmúdùn AA, AA ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbé jáde, ṣùgbọ́n àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀ kò yí padà. SS ló ṣì jẹ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ AS, wọ́n ṣì lè bí ọmọ SS.