Ta Ló Sọ Òdòdó Ara Ògiri Lórúkọ?

Ní Sókótó, bí oṣù kẹrin bá wọlé, ooru ọ̀sán a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àsìkò tí koríko ń kú yìí gan-an ni bougainvillea máa ń tan. Bí o bá ń gba Sama Road kọjá, tí o rí i lórí ògiri ilé kan, tó pupa fòò, má rò pé onílé ń fi omi kẹ́ ẹ. Oòrùn líle àti ilẹ̀ gbígbẹ ló ń mú un tan. Bí omi bá pọ̀ jù ní ìdí rẹ̀, ewé tútù lásán ni yóò máa yọ.

Ohun tí à ń pè ní òdòdó lára rẹ̀, ewé ni. Já ìdì kan wò. Ewé mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà ló yí ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta ká, ẹnu ọ̀pá wọ̀nyí sì ni òdòdó gidi wà, funfun, bín-ín-tín. Òdòdó yìí kéré jù láti dá pe kòkòrò àti ẹyẹ, ni ewé bá pa ara dà láti bá a pè wọ́n.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi yìí ti wá. Ní 1766, ọ̀gákọ̀ Faransé kan, Louis-Antoine de Bougainville, gbéra láti yí ayé ká. Philibert Commerson, oníṣègùn tó mọ ewé, wà nínú ọkọ̀ kejì, Étoile. Ní 1767 wọ́n gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro ní Brazil. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já a, Commerson sì fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n egbò wà lẹ́sẹ̀ Commerson nígbà náà. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Jeanne Baret, ló ń bá a ru ẹrù, tó ń bá a wá ewé kiri. Obìnrin ni, ó múra bí ọkùnrin nítorí òfin kò gba obìnrin láàyè nínú ọkọ̀ ogun Faransé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó yí ayé ká. Ọ̀gákọ̀ gba òdòdó. Ti Baret di 2012 kí àwọn onímọ̀ tó sọ ewéko kan ní Solanum baretiae, ọmọ ìyá igbá àti ọ̀dùnkún òyìnbó. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé láti sọ ewéko lórúkọ nìyí. Láti 1753 tí Carl Linnaeus ará Sweden ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, orúkọ méjì ni ewéko kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: ti agbo ilé ṣáájú, ti ọmọ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ orúkọ jáde bó ṣe yẹ, tirẹ̀ ni yóò dúró. Ẹni tó ti ń fi ewé náà wo àìsàn láti ìran baba rẹ̀ kò sí nínú ìdájọ́.

Wo Adenium obesum, òdòdó rósì aginjù tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò. Ó ń hù fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ láti Senegal dé Lárúbáwá, Àríwá Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. Síbẹ̀, wọ́n ní Aden ní ilẹ̀ Yemen ni orúkọ agbo ilé rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Yemen yìí ni Peter Forsskål, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, ti pàdé rẹ̀ kó tó kú níbẹ̀ ní 1763. Òun ló pè é ní obesum, ìyẹn ni pé ó sanra: ìdí igi náà wú nítorí omi tó fi pamọ́ sínú. Oje rẹ̀ lóró o, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Àwa náà ń sọ nǹkan lórúkọ, ohun tí ojú wa rí la sì fi ń sọ ọ́. Ilẹ̀ Íńdíà ni dongoyárò ti wá. Láti Ghana ló gbà dé Àríwá Nàìjíríà ní 1928. Hausa rí i bó ṣe ga, wọ́n pè é ní dogon yaro, ọmọkùnrin gíga. Yorùbá gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú àgbo rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ wọ́ bolẹ̀ bí agọ̀ eégún, láti Íńdíà kan náà, ni gbogbo Nàìjíríà ń pè ní másíkúréèdì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tannápoṣó. Mirabilis jalapa ni Linnaeus pè é, nítorí ìlú Xalapa ní Mexico. Gẹ̀ẹ́sì fi aago mẹ́rin sọ ọ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí. Àwọn baba wa rí òdòdó tó ń là nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ní ó tan iná pa oṣó.