Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Tíì Ṣe Iṣẹ́ Abẹ?

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi àwa nọ́ọ̀sì nìyẹn, tí wọ́n bá gbọ́ pé pancreas èèyàn wọn ti ń jẹrà. Àwọn kan á ní àbí torí pé dúdú ni wá ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí, dídúró wà lára ìtọ́jú.

Ẹ̀yìn àpòlúkù ni pancreas wà, òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Bí òkúta kékeré láti inú àpò òróòro bá dí ọ̀nà omi náà, tàbí tí ọtí bá pọ̀ jù, omi yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pancreas fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe gbogbo ẹni tó bá ní in ní ọ̀mùtí. Ara ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá le, apá kan lè kú, kí kòkòrò àrùn sì wọ ibẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń la ikùn. Ní 2010, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 88. Nínú àwọn tí wọ́n la ikùn wọn, 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú tàbí tó ko wàhálà ńlá. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́bà fa ọyún wọn, 40 ni.

Lónìí, wọ́n lè gba ẹnu wọlé. Wọ́n á kun aláìsàn lóorun, wọ́n á ti endoscope, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà, wọ àpòlúkù. Wọ́n á lu ihò sí ògiri rẹ̀, wọ́n á fi stent, páìpù kékeré, sí i, kí ọyún lè ṣàn jáde. Bí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á gba ihò náà padà láti kó ẹran tó ti kú.

Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ara máa ń fi mọ odi yí ìjẹrà náà ká. Ní 2021, ìwádìí míì ní Netherlands fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni oògùn apakòkòrò nìkan tó fún.

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù là ń sọ o! Bí òkè ikùn bá ń ro yín burúkú wọ ẹ̀yìn, tí ẹ sì ń bì, ẹ pe 999. Ẹ lè gbàdúrà nínú áḿbúláǹsì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe ògbufọ̀ fún òbí yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ stent náà, kẹ́ ẹ sì gbà á ní kíkọ. Tó bá pẹ́ jù nínú, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà.