Ta Ni Àdéhùn Ìlú Kà Mọ́ra? Ìdójútòfò àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláàbọ̀ Ara

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nínú òwe yìí ni gbòǹgbò ìdójútòfò wà: ọ̀pọ̀ ènìyàn a dá owó jọ, kí ẹni tí àìsàn tàbí jàǹbá bá kọ lù lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ǹjẹ́ ọwọ́ àwọn aláàbọ̀ ara wà nínú àgbájọ náà?

Ní ọdún 1762, Jean-Jacques Rousseau kọ ọ́ sínú ìwé pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn ará ìlú ni ó fi ẹsẹ̀ àṣẹ múlẹ̀. Ní 1971, John Rawls ní kí a yan òfin bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá olówó tàbí tálákà ni òun yóò jẹ́. Ní 2006, Martha Nussbaum tọ́ka sí àléébù inú irú èrò bẹ́ẹ̀: àwọn tí a rò pé wọ́n ń ṣe àdéhùn náà jẹ́ ẹni tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí wọ́n sì ń retí èrè lọ́dọ̀ ara wọn. Àáró ni èyí jọ. Ẹni tí kò lè gbé ọkọ́ kò sí nínú àáró. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ tí ó wọ ẹnì kan lọ́rùn ni gbogbo abúlé ń bá a ṣe.

Bí ilé iṣẹ́ ìdójútòfò bá ṣírò ewu olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó aláàbọ̀ ara a ga ju ti ẹlòmíràn lọ, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ gbà á rárá. Wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yan ìfọ́jú fún ara rẹ̀, ẹni tí ó sì gun alùpùpù láti Calavi lọ sí Kútọnu láàárọ̀ kò mọ bí òun yóò ti padà dé.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Benin fi òǹtẹ̀ lù ní 2012, ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ìdójútòfò ìlera àti ti ẹ̀mí léèwọ̀ ní abala 25. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2017, Benin ṣe òfin tirẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn.

Abomey-Calavi wà lára àwọn ibi tí ìjọba ti kọ́kọ́ dán ìdójútòfò ìlera ètò ARCH wò ní oṣù keje 2019. Ìjọba ni ó ń san owó àwọn tí òṣì ta jù lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òṣì àti àbọ̀ ara kì í ṣe ohun kan náà. Aránṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lè máa rí iye owó tí aládùúgbò rẹ̀ ń rí, kí orúkọ rẹ̀ má sì sí láàrin àwọn òtòṣì. Ṣùgbọ́n owó ọ̀pá, owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ń jẹ tirẹ̀ tán. Ní Senegal, òfin ọdún 2010 dá káàdì kan sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Àbọ̀ ara gan-an ni ó fi wọ́n sínú rẹ̀.

Ohun kan kù. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé ìdójútòfò, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Afọ́jú kò lè rí i kà, adití kò gbọ́ àlàyé tí a fi ẹnu ṣe, ẹni tí kò kàwé a kàn tẹ ìka sí i. Àdéhùn tí kò yé ẹni, a kò lè sọ pé ó fi ọwọ́ sí i. Kí a tó béèrè iye tí aláàbọ̀ ara yóò san, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ìwé náà sí i létí ní èdè ìyá rẹ̀, tàbí kí a fi èdè àmì ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀, kí òun náà lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.