Èdè Ilé, Èdè Ìwé: Ìrìn Èdè Nọ́wè ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1825, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ń jẹ́ Restauration gbéra ní èbúté Stavanger ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Èrò 52 ni ó kó. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí New York ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, wọ́n ti di 53, nítorí pé wọ́n bí ọmọ kan sójú òkun. Èrò náà pọ̀ ju iye tí òfin Amẹ́ríkà gbà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, Ààrẹ John Quincy Adams ni ó sì dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Ìfẹ́ láti sin Ọlọ́run bí ó ṣe wù wọ́n wà lára ohun tí ó mú àwọn wọ̀nyí kúrò nílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó fa ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn. Láàrin ọdún 1825 sí 1925, ó lé ní 800,000 ènìyàn tí ó ti Nọ́wè lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà. Òkè àti àpáta gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, àkọ́bí ni ó sì sábà máa ń jogún oko. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1862 ṣèlérí éékà 160 fún ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀, tí ó sì dáko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. (Ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó: ní Minnesota, wọ́n lé àwọn ọmọ onílẹ̀ Dakota kúrò lórí tiwọn.)

Ibi tí aṣíwájú kan bá tẹ̀dó sí ni àwọn ará abúlé rẹ̀ ń wọ́ lọ. Nítorí náà ni ẹ̀ka-èdè Gudbrandsdal fi pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ agbègbè Westby ní Wisconsin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ka-èdè yìí ni àlùfáà fi ń wàásù. Dẹ́nmáàkì ti ṣàkóso Nọ́wè fún nǹkan bí 400 ọdún títí di ọdún 1814, èdè ìwé tí a ń kà ní ìjọ Luther àti nínú ìwé ìròyìn bí Decorah-Posten sì sún mọ́ èdè Dẹ́nmáàkì gidigidi. Ẹni tí ó ń sọ Èkìtì nílé, tí ó sì ń ka Bíbélì Yorùbá ní ìjọ, yóò mọ irú àlàfo yìí. Ọmọ àgbẹ̀ ní láti kọ́ èdè ìwé yẹn kí ó tó lè ka kátíkísìmù, kí ó sì tún kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọ fi èdè ìwé náà sílẹ̀, ẹ̀ka-èdè ilé kò ní òpó kankan tí yóò fẹ̀yìn tì níta mọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918, Gómìnà Harding ti Iowa fòfin de gbogbo èdè yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ìta gbangba, ní ilé-ìwé, nínú ìsìn àti lórí tẹlifóònù. Àṣẹ náà bani lẹ́rù, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni ó pa èdè. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń béèrè fún ìsìn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, òfin ọdún 1924 sì dín àwọn tí ń wọlé wá kù. Ní ọdún 1946, ìjọ náà yọ “Nọ́wè” kúrò nínú orúkọ rẹ̀.

Einar Haugen, tí a bí sí Iowa, tẹ ìwé pàtàkì lórí èdè yìí jáde ní ọdún 1953. Àwọn kan ti máa ń fi àdàlù Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n Haugen fi hàn pé ọ̀rọ̀ àyálò bí krikk, tí í ṣe odò kékeré, ń tẹ̀lé gírámà Nọ́wè pátápátá. Èdè tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ àlejò di ọmọ ilé kò tíì kú.

Lónìí, àgọ́ Skogfjorden ní Minnesota, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Nọ́wè. Èdè tí Nọ́wè òde òní ń sọ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ọmọ Westby tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò gbọ́ pé bekk ni odò kékeré ń jẹ́. Krikk ni bàbá bàbá rẹ̀ ń pè é.