Ibi Tí Ẹ̀rín Wà Nínú Borderlands 2

Ẹni tó bá ń wo Borderlands 2 láti ẹ̀yìn àga yóò rò pé ìbọn yínyìn lásán ni. Gearbox Software ní Texas ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012. Pandora ni ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: ayé gbígbẹ kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wá fọwọ́ bà jẹ́, tí wọ́n sì fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi di dánàdánà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù náà ń wá Vault, ilé ìṣúra kan. Bí ọ̀tá bá yìn yín lulẹ̀, ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti pa ẹnì kan kí ẹ lè dìde. Bí ẹ kò bá rí ẹni pa, ẹ̀rọ kan yóò jí yín padà, yóò sì yọ owó nínú àpò yín. Kódà àjíǹde níbẹ̀, owó ni.

Ṣùgbọ́n èdè ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rín inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá sí ẹ̀ka wa. Kò sì sí Yorùbá lára àwọn èdè tí géèmù náà ní.

Nílé wa ní Raji Rasaki Estate (orúkọ gómìnà ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1988 sí 1991 ni wọ́n fi sọ àdúgbò wa), PS4 ni èmi àti àbúrò mi fi ń gbá a, tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì, bí iná bá wà. Yorùbá, Ìgbò àti oríṣiríṣi ẹ̀yà la jọ ń gbé, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Àbúrò mi gbọ́ Yorùbá, kì í sọ ọ́. Ìyá àgbà wa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Kí lẹ̀ ń rín sí?” Èmi ló máa ń kù sí lọ́wọ́.

Ẹ wo Claptrap, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ táyà kan tí kò mọ ìjà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. “Minion” ló ń pe ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí “ọmọ ọ̀dọ̀ mi”. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo jẹ́ kó máa fi “ìwọ” bá jagunjagun gìrìwò sọ̀rọ̀, “Ìwọ yìí, gbé ẹrù mi wá!”, ni Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Handsome Jack, ọ̀dájú tó ń fi àwàdà halẹ̀ mọ́ni, “ẹ” ni mo fún ní tirẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kú.” Gẹ̀ẹ́sì kò ní irinṣẹ́ yìí. “You” kan náà ló ń fi bú ọmọdé, òun náà ló fi ń kí ọba.

Orúkọ ìbọn le díẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán ló máa ń ṣáájú, etí á ti gbọ́ gbogbo ìhàlẹ̀ kí ó tó gbọ́ pé ìbọn ni. Nínú Yorùbá, “ìbọn” á ti jáde kí ẹ̀yán tó dé. Mo wá pa “ìbọn” tì, mo lo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, èyí tó ń ṣẹ̀dá olùṣe. Ìbọn Torgue, tí ọta rẹ̀ máa ń bú, di Abúgbàmù. Ti Maliwan tó ń yọ iná di Ajónirun. Ti Tediore ńkọ́? Bí ọta inú rẹ̀ bá tán, ẹ máa jù ú nù ni, á sì bú bí àdó olóró. Àbúrò mi ló ní, “Àjùmọ́tàá.” Ẹ kíyè sí àfòmọ́ à- yẹn, irú èyí tó wà nínú àjẹkù: ohun tí a ṣe nǹkan sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo kọ orúkọ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí mo ti há ni ìbọn àwọn dánàdánà. Wọn kò mọ̀wé, nítorí náà “Pistal” àti “Mashine Gun” ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Irú ẹ̀fẹ̀ yìí kò lè dùn àfi bí gbogbo òǹkàwé bá ti mọ bí ó ṣe yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ náà. Àwa ní àkọtọ́: ìpàdé ìjọ CMS ní Èkó jókòó lé e lórí ní 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí à ń lò ní 1974. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp? Bí dánàdánà bá kọ “Mo pon oko mi”, kò sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, torí bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu wàyí. Ohun tó fẹ́ sọ ni “Mo pọ́n ọ̀kọ̀ mi.” Kó wá tẹ́ gbogbo ohùn rẹ̀ sí àárín bí òyìnbó: “Mo pọn ọkọ mi.” Ọkọ rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn, nítorí pọ̀n a máa gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Gbénga Adébóyè, tó di olóògbé ní 2003, ti fi ohùn oríṣiríṣi ènìyàn pa wá lẹ́rìn-ín lórí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó lẹ́nu báyẹn la ó kọ́kọ́ wá bí a bá fẹ́ gbé irú géèmù yìí wá sí Yorùbá, kí á tó wá ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Èyí tí mo ṣì ń bá wọ̀yá ìjà ni gbólóhùn pupa tó máa ń wà lára àwọn ìbọn tó ṣọ̀wọ́n. Kì í sọ iṣẹ́ tí ìbọn náà ń ṣe ní tààrà, ó máa ń pa á lówe ni. Mo lè sọ ọ́ di àlọ́ àpamọ̀, ṣùgbọ́n nínú géèmù náà, kò sí ẹni tó ń kà á sókè.